Ọkọ̀ àti Kẹ́ẹ̀gì: Bí A Ṣe Ń Ṣírò Afẹ́fẹ́ Amáyégbóná Ìlú Ńlá

Àwọn àgbà a máa wí pé èéfín ni ìwà. Bí ó ti wù kí a bò ó mọ́lẹ̀ tó, yóò rú jáde. Òtítọ́ ni. Ṣùgbọ́n irú èéfín kan wà tí kì í rú sí ojú ẹnikẹ́ni. A kò lè fi ojú rí i, kò ní òórùn, kì í sì í ta ènìyàn ní imú. Bẹ́ẹ̀ ni ó ń jáde lójoojúmọ́ láti inú ilé wa àti láti ìdí ọkọ̀ tí à ń wọ̀. Kábọ́nù-dáyọ́ksáìdì ni orúkọ rẹ̀. Òun ni ọ̀gá nínú àwọn afẹ́fẹ́ tí ó ń mú kí ayé máa gbóná sí i, èyí tí n óò máa pè ní afẹ́fẹ́ amáyégbóná. Ìbéèrè tí mo fẹ́ kí a jọ yẹ̀ wò ni èyí: nígbà tí a kò lè rí nǹkan náà, báwo ni ìlú kan ṣe lè là á mọ́lẹ̀ pé tọ́ọ̀nù báyìí ni òun tú jáde ní ọdún kan? Ta ni ó gbé e sórí òṣùwọ̀n?

Kí a tó máa bá ọ̀rọ̀ wa lọ, ó yẹ kí a ya nǹkan mẹ́ta sọ́tọ̀ tí ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń dà pọ̀. Èéfín dúdú tí mólúè ayé àtijọ́ máa ń tú sí ènìyàn lójú, èérún èédú ni. Ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń bá jà. Afẹ́fẹ́ tí ó ń pa àwọn tí ó bá gbé jẹnẹrétọ̀ sínú yàrá sùn, kábọ́nù-mónóksáìdì ni. Òun náà kò ní òórùn, ṣùgbọ́n ìbátan lásán ni ó jẹ́ sí èyí tí à ń sọ. Kábọ́nù-dáyọ́ksáìdì inú afẹ́fẹ́ ìta kì í pa ènìyàn bẹ́ẹ̀. Àwa fúnra wa ń mí i síta, ewéko sì ń fi ṣe oúnjẹ. Wàhálà rẹ̀ ni pé bí ó bá ti pọ̀ jù lójú òfuurufú, ṣe ni ó ń dà bí aṣọ ìbora tí a fi bo ayé: ìmọ́lẹ̀ oòrùn ń wọlé, ooru kò sì rí ọ̀nà jáde bí ó ti yẹ. Kí àwọn ilé iṣẹ́ ńláńlá tó bẹ̀rẹ̀ ní Yúróòpù, bí a bá pín afẹ́fẹ́ sí ọ̀nà mílíọ̀nù kan, nǹkan bí 280 ni ó jẹ́ tirẹ̀. Nígbà tí Charles Keeling bẹ̀rẹ̀ sí í wọ̀n ọ́n lórí òkè Mauna Loa ní Hawaii ní ọdún 1958, ó ti di nǹkan bí 315. Lónìí, ó ti kọjá 420.

Ẹ jẹ́ kí a mú lítà bẹntiróòlù kan ṣoṣo. Bí a bá gbé e sórí òṣùwọ̀n, kò wúwo tó kílò kan; nǹkan bí kílò 0.74 ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ́ńjìnnì bá ti jó o tán, kábọ́nù-dáyọ́ksáìdì tí ó ti ibẹ̀ jáde yóò tó nǹkan bí kílò 2.3. Ẹni tí ó bá kọ́kọ́ gbọ́ èyí yóò ní irọ́ ni. Báwo ni ohun tí ó ti inú nǹkan jáde yóò ṣe wúwo ju nǹkan náà lọ ní ìlọ́po mẹ́ta? Ṣé ọmọ a máa wúwo ju ìyá tí ó bí i ní ọjọ́ ìkómọ ni?

Àdììtú ibẹ̀ ni pé kì í ṣe inú epo nìkan ni gbogbo rẹ̀ ti wá. Kábọ́nù inú epo ni ó mú ọ́síjìn láti inú afẹ́fẹ́ àyíká, tí wọ́n sì so pọ̀. Ìwọ̀n kábọ́nù jẹ́ 12, ti ọ́síjìn jẹ́ 16, kábọ́nù kan a sì máa so mọ́ ọ́síjìn méjì. Ẹ ro 12 pọ̀ mọ́ 16 àti 16, ẹ ó rí 44. Nítorí náà, kílò 12 kábọ́nù yóò di kílò 44 kábọ́nù-dáyọ́ksáìdì. Bí a bá fi 12 pín 44, a ó rí 3.67. Nínú bẹntiróòlù, nǹkan bí ìdá 86 nínú ọgọ́rùn-ún ni ó jẹ́ kábọ́nù, èyí tí í ṣe nǹkan bí kílò 0.63 nínú lítà kan. Ẹ fi 3.67 sọ ọ́ di púpọ̀, ẹ ó sì bá 2.3 tí mo wí lẹ́ẹ̀kan níbẹ̀. Dísù ki ju bẹntiróòlù lọ, nítorí náà lítà rẹ̀ kan ń tú nǹkan bí kílò 2.7 jáde. Kílò kan gáàsì ìdáná ń tú nǹkan bí kílò 3.

Orí èyí ni gbogbo iṣẹ́ náà dúró lé. Ẹni tí ó ń ṣírò afẹ́fẹ́ amáyégbóná ìlú kì í gbé àpò lọ sí ìdí ẹ̀sọ́ọ̀sì. Epo ni ó ń wá kiri. Bí ó bá ti mọ iye lítà tí a jó, ó ti mọ iye kílò tí ó jáde. Ẹni tí ó bá parí ìwé mẹ́wàá lè ṣe ìsọdipúpọ̀ náà. Wíwá lítà ni iṣẹ́, ibẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ ọ̀pọ̀lọpọ̀ ìlú ti ń yẹ̀.

Ní ọdún 2014, World Resources Institute, C40 tí í ṣe ẹgbẹ́ àwọn ìlú ńlá àgbáyé, àti ICLEI jọ gbé ìlànà kan jáde tí gbogbo ìlú lè máa tẹ̀ lé, kí ìṣirò ìlú kan lè ṣe é fi wé ti èkejì. Ìlànà náà pín nǹkan sí ọ̀nà mẹ́ta. Èkíní ni ohun tí a jó nínú ìlú gan-an, bí epo inú ọkọ̀ àti gáàsì inú ilé ìdáná. Èkejì ni iná mànàmáná tí àwọn ará ìlú lò, bí ibi tí wọ́n ti pèsè rẹ̀ tilẹ̀ jìnnà. Ẹ̀kẹta ni ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn odi ìlú nítorí àwọn ará ìlú. Ọ̀rọ̀ pàǹtírí àti ti ilé iṣẹ́ símẹ́ńtì wà nínú ìlànà náà pẹ̀lú, ṣùgbọ́n èmi kò ní dé ibẹ̀. Ilé àti ọkọ̀ tó wa í gbé.

Ìpín mẹ́ta yìí lè dà bí àṣejù, àfi bí a bá wo Ẹgbin. Ilé iṣẹ́ iná Ẹgbin wà ní agbègbè Ìkòròdú, nínú ìpínlẹ̀ Èkó. Gáàsì ni wọ́n ń jó níbẹ̀, mẹgawáàtì 1,320 sì ni agbára tí wọ́n kọ́ ọ fún. Ṣùgbọ́n iná Ẹgbin kì í dúró ní Èkó. Orí wáyà gbogbo orílẹ̀-èdè ni ó ń bọ́ sí, ó sì lè tan gílóòbù ní Ìlọrin. Ní ìdà kejì ẹ̀wẹ̀, iná tí ó ń tàn ní Sùúrùlérè lè jẹ́ ti omi Kainji. Bí Èkó bá ka gbogbo ohun tí Ẹgbin tú jáde, tí ó sì tún ka gbogbo iná tí àwọn ará rẹ̀ lò, ó ti ka nǹkan kan náà lẹ́ẹ̀mejì. Nítorí èyí ni ìlànà náà ṣe ní kí a kọ ti Ẹgbin sílẹ̀ lọ́tọ̀, kí a má ṣe rò ó mọ́ àpapọ̀ tí a fi ń fi ìlú wé ìlú.

Kí a tó padà sí Èkó, ẹ jẹ́ kí a dé Indianapolis ní Amẹ́ríkà, nítorí níbẹ̀ ni wọ́n ti fi ara balẹ̀ ṣe iṣẹ́ yìí jù lọ. Ní ọdún 2012, Kevin Gurney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìṣirò kan jáde tí wọ́n sọ ní Hestia. Hestia ni òrìṣà ààrò àwọn ará Gíríìsì àtijọ́, orúkọ náà sì bá iṣẹ́ mu, nítorí ilé dé ilé ni wọ́n ṣe é. Wọn kò lọ kan ilẹ̀kùn ẹnikẹ́ni. Ìwé owó-orí ilé ni wọ́n wò, èyí tí ó sọ bí ilé kọ̀ọ̀kan ti tóbi tó, ọdún tí wọ́n kọ́ ọ, àti ohun tí wọ́n ń fi í ṣe. Láti inú èyí ni wọ́n fi kọ̀ǹpútà ṣírò iye gáàsì tí irú ilé bẹ́ẹ̀ yóò jó láti fi mú ara rẹ̀ gbóná nígbà òtútù. Ní ti ọkọ̀, ẹ̀rọ tí ó ń ka ọkọ̀ ní ojú pópó ni ó sọ fún wọn. Nígbà tí wọ́n parí, wọ́n lè ya àwòrán ìlú náà ní òpópónà dé òpópónà, wákàtí dé wákàtí.

Ohun tí ó wú mi lórí jù ni pé wọn kò gba ara wọn gbọ́ lásán. Láti ọdún 2010 ni ètò mìíràn tí a ń pè ní INFLUX ti bẹ̀rẹ̀ ní ìlú kan náà. Àwọn yẹn kò wo ìwé rárá. Afẹ́fẹ́ gan-an ni wọ́n wọ̀n. Orí òpó gíga méjìlá ni wọ́n gbé ẹ̀rọ sí, ọkọ̀ òfuurufú kékeré sì ń fò yípo ìlú. Afẹ́fẹ́ tí ó wọ ìlú, wọ́n wọ̀n ọ́n. Èyí tí ó jáde, wọ́n wọ̀n ọ́n. Ohun tí ó lé láàárín ni ìlú fi kún un.

Wàyí o, ẹnì kan lè ní: ènìyàn ń mí, igi ń mí, báwo ni wọ́n ṣe mọ èyí tí ó ti inú epo wá? Kábọ́nù-14 ni ó tú àṣírí náà. Ohun alààyè gbogbo ní kábọ́nù-14 díẹ̀ nínú, bí ó bá sì ti kú, èyí a máa dínkù díẹ̀díẹ̀. Ọgbọ́n yìí kan náà ni àwọn awalẹ̀pìtàn fi mọ ọjọ́ orí èédú tí wọ́n wú nínú ilẹ̀ ní Ilé-Ifẹ̀. Epo rọ̀bì ti wà lábẹ́ ilẹ̀ fún mílíọ̀nù ọdún, gbogbo kábọ́nù-14 rẹ̀ ti tán pátápátá. Nítorí náà, kábọ́nù-dáyọ́ksáìdì tí ó bá ti ara epo tàbí gáàsì jáde kò ní in lára, ti èémí ènìyàn àti ti ewé sì ní in. Nígbà tí wọ́n kó èsì jọ ní ọdún 2019, fún ìgbà òtútù, ọ̀nà ìṣirò mẹ́ta tí wọ́n lò kò fi ju ìdá 7 nínú ọgọ́rùn-ún lọ yàtọ̀ sí ara wọn. Ẹni tí ó wo ìwé àti ẹni tí ó wọn afẹ́fẹ́ pàdé ní ìdí kan náà.

Ṣùgbọ́n ní ọdún 2021, Gurney àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ mú ìṣirò tí ìlú 48 ní Amẹ́ríkà ṣe fúnra wọn, wọ́n fi wé tiwọn. Bí a bá dá gbogbo rẹ̀ pọ̀, iye tí àwọn ìlú náà kọ sílẹ̀ fi ìdá 18.3 nínú ọgọ́rùn-ún dín sí ohun tí wọ́n rí. Àwọn kan kọ iye tí ó kéré jọjọ, àwọn kan sì kọ iye tí ó pọ̀ jù. Kì í ṣe pé wọ́n purọ́. Àwọn kan gbàgbé irú epo kan tàbí òmíràn, wọ́n sì ń ka ọkọ̀ ní oríṣiríṣi ọ̀nà. Bí èyí bá lè ṣẹlẹ̀ níbi tí gbogbo ilé ti ní mítà, ó yẹ kí àwa náà la ojú wa.

Èkó ti ṣe ìṣirò tirẹ̀ ní ìlànà C40. Ọdún 2015 ni wọ́n fi ṣe ìpìlẹ̀, orí rẹ̀ ni wọ́n sì gbé ètò ọdún 2020 sí 2025 lé. Mo kan sáárá sí wọn. Ohun tí mo fẹ́ tọ́ka sí ni ohun tí ó lè da irú ìṣirò bẹ́ẹ̀ rú ní ilẹ̀ wa, tí kò sí ní Indianapolis. Kẹ́ẹ̀gì ni.

Ẹ lọ dúró ní ilé epo èyíkéyìí ní Èkó nígbà tí ilẹ̀ bá ń ṣú. Ọkọ̀ wà lórí ìlà, ọ̀kadà wà níbẹ̀, kẹ̀kẹ́ Márúwá wà níbẹ̀. Ẹ̀yìn wọn ni àwọn tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì dání wà: ọmọ tí bàbá rẹ̀ rán níṣẹ́, onígbàjámọ̀, ìyá tí ń ta omi tútù. Ẹnu páǹpù kan náà ni gbogbo wọn ti ń ra epo, inú ìwé kan náà ni wọ́n sì ń kọ ọ́ sí. Bí ìwé náà bá dé ọwọ́ oníṣirò, yóò rí i pé bẹntiróòlù ni, yóò sì kọ ọ́ sí abẹ́ ọkọ̀. Nínú ìwé òyìnbó, bẹntiróòlù ni oúnjẹ ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni lítà inú kẹ́ẹ̀gì ń lọ sí ilé, láti tan gílóòbù àti láti yí fáànù.

Ká ní jẹnẹrétọ̀ kékeré kan, irú èyí tí a ń pè ní "I better pass my neighbour", ń mu ààbọ̀ lítà ní wákàtí kan, kí wọ́n sì máa tàn án fún wákàtí mẹ́fà lálẹ́. Lítà mẹ́ta nìyẹn, tí ó ń tú kílò 6.9 jáde. Bí wọ́n bá tàn án fún ọ̀ọ́dúnrún alẹ́ nínú ọdún, ó di kílò 2,070, ó lé ní tọ́ọ̀nù méjì. Bí irú rẹ̀ ọgbọ̀n bá wà ní àdúgbò kan, tọ́ọ̀nù 62 ni. Bí a bá kọ tọ́ọ̀nù 62 yìí sí abẹ́ ọkọ̀, kí ni yóò ṣẹlẹ̀? Ìjọba yóò ní ọkọ̀ ni ó ń da ìlú láàmú, yóò ra bọ́ọ̀sì sí i. Bọ́ọ̀sì dára, ṣùgbọ́n kò lè tan iná sí yàrá ẹnikẹ́ni. Ibi tí ẹsẹ̀ ti ń dun aláìsàn kọ́ ni wọ́n ń fi òògùn pa. Ẹni tí ó gbé kẹ́ẹ̀gì kò ní rí ìrànlọ́wọ́ kankan gbà nínú ètò náà, bí kò tilẹ̀ ní ọkọ̀ rárá.

Mítà iná náà kò ràn wá lọ́wọ́ tó bí a ti lérò. Ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní in, ìwé owó àfojúdá ni wọ́n ń gbà, gbogbo wa sì mọ bí wọ́n ti ń dá ojú sí i. Oníṣirò tí ó bá gba ìwé yẹn gbọ́ yóò rò pé àwọn ènìyàn ń lo iná tí wọn kò fi ojú kàn.

Ẹ̀tàn mìíràn wà lára iye epo tí a tà. Ọkọ̀ agbépo tí ó gbé epo ní Àpápá lè já a sí Ìbàdàn tàbí Ọ̀yọ́. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, nígbà tí ìjọba ń san owó ìrànwọ́ lórí epo, bẹntiróòlù wa ń gba ẹ̀yìnkùlé kọjá sí ilẹ̀ Bìní ti Kútọnu, wọ́n sì ń tà á nínú ìgò ní ẹ̀bá ọ̀nà níbẹ̀. Ìwé wa kà á mọ́ wa lọ́rùn, ọ̀kadà Kútọnu ni ó jó o. Ìdí nìyí tí ìlànà 2014 fi fi àyè sílẹ̀ fún ọ̀nà mìíràn yàtọ̀ sí kíka epo tí a tà: a lè ka ọkọ̀ tí ó ń rìn láàárín odi ìlú nìkan, a lè tẹ̀ lé ìrìn àwọn ará ìlú níbikíbi tí wọ́n bá lọ, a sì lè ka ìrìn àjò tí ó bẹ̀rẹ̀ tàbí tí ó parí nínú ìlú, kí a pín in. Ti ìkẹyìn yìí ni mo fara mọ́ fún Èkó. Ẹ wo iye ènìyàn tí ó ń sùn ní Ìbafò, Mowé àti Sáńgò Ọ̀tà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn, tí wọ́n sì ń ṣiṣẹ́ ní Èkó. Bí a bá fi ojú ààlà ní Bẹ́gà gé ìṣirò, danfó tí ó gbé wọn yóò di aláìní-bàbá fún ìdajì ọ̀nà.

Ní ti èédú àti igi tí à ń fi dáná, ọ̀nà ọ̀tọ̀ ni wọ́n ń gbà kà á. Nítorí pé igi lè hù padà, kábọ́nù-dáyọ́ksáìdì rẹ̀ ni a ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ kan láìrò ó mọ́ àpapọ̀. Mẹ́táànì àti náítírọ́ọ̀sì-ọ́ksáìdì tí ó bá bá a jáde nìkan ni à ń rò pọ̀. Ó dára bí igi bá hù padà lóòótọ́. Èédú tí ó wá láti Òkè-Ògùn, tí kò sí ẹni tí ó gbin igi mìíràn dípò rẹ̀, kò sí nínú ìwé Èkó.

Báwo ni a ó ṣe wá mọ lítà inú kẹ́ẹ̀gì? A ó béèrè ni. Ibí ni iṣẹ́ ti kan àwa akẹ́kọ̀ọ́ èdè, nítorí fọ́ọ̀mù tí wọ́n fi èdè òyìnbó kọ kò lè ṣe é. Bí ẹ bá bi ìyá kan pé lítà mélòó ni ó ń lò lọ́dún, yóò wò yín títí. Ẹ kọ́kọ́ kí i, kí ẹ wá ní, "Màmá, ẹ jọ̀wọ́, eélòó ni ẹ fi ń ra epo sí jẹ́ń lọ́sẹ̀?" Ẹ má bínú bí ó bá ní, "Ṣé ìjọba ló rán yín ni, ẹ̀yin ọmọ mi?" Ó ní ìdí tí ó fi bẹ̀rù. Ẹ ṣàlàyé fún un pé ẹ kò ní kọ orúkọ rẹ̀. Bí ó bá dáhùn, ẹ kọ ọjọ́ náà sílẹ̀ àti iye tí lítà jẹ́ ní ọjọ́ náà, nítorí láti oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí wọ́n ti yọ owó ìrànwọ́, náírà tí ó ra kẹ́ẹ̀gì kan tẹ́lẹ̀ kò ra ìdajì rẹ̀ mọ́. Iye owó láìsí ọjọ́ kò já mọ́ nǹkan kan. Kí ẹ sì padà lọ ní ìgbà òjò àti ní ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, nítorí fáànù àti fíríìjì kì í ṣiṣẹ́ bákan náà ní ìgbà méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ kan kù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2023 ni ọkọ̀ ojú irin oníná bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò láti Marina dé Mile 2. Nínú ìwé ìṣirò, lítà tí danfó ìbá jó ti kúrò ní ọ̀nà èkíní, ó bọ́ sí ọ̀nà èkejì, abẹ́ iná mànàmáná. Kò di òfo. Bí iná rẹ̀ bá wá láti ibi tí wọ́n ti ń jó gáàsì, ibẹ̀ ni èéfín rẹ̀ wà, bí ó tilẹ̀ kéré lórí èrò kọ̀ọ̀kan. Bákan náà ni bí ẹnì kan bá fi oòrùn rọ́pò jẹnẹrétọ̀ rẹ̀: ó yẹ kí iye tí ó wà lábẹ́ ilé dínkù. Ṣùgbọ́n bí a bá ti kọ́kọ́ kọ epo jẹnẹrétọ̀ yẹn sí abẹ́ ọkọ̀, abẹ́ ọkọ̀ ni ìdínkù yóò ti hàn, wọn yóò sì máa yin bọ́ọ̀sì fún iṣẹ́ tí oòrùn ṣe. Bí a bá sì ṣẹ̀ṣẹ̀ wá rí lítà tí a kò kà ní 2015, yóò dà bí ẹni pé ilé wa ń jó epo sí i ni, nígbà tí ó jẹ́ pé ojú wa ni ó là. Nítorí náà, ìjókòó tí a bá jókòó tún ìṣirò tuntun ṣe, a ní láti padà lọ tún ti 2015 ṣe pẹ̀lú, kẹ́ẹ̀gì kọ̀ọ̀kan ní abẹ́ orúkọ tirẹ̀.